Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun tó ń mú íntálọ́ọ̀kì rì

Íntálọ́ọ̀kì, ìyẹn òkúta tí wọ́n ń tò sórí ilẹ̀, ti gba ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Èkó àti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n òjò ló máa ń tú àṣírí iṣẹ́ ìkánjú.

Òkúta kì í dédé rì. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni wọn kò tẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n kó ilẹ̀ rírọ̀ kúrò, kí wọ́n da ilẹ̀ pupa sí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele títí yóò fi le gan-an. Iyanrìn tí wọ́n ń tẹ́ sórí ilẹ̀ náà, lábẹ́ òkúta, kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 50 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, táyà á fa kòtò síbẹ̀.

Òkúta tó nípọn ní mìlímítà 60 tó fún ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn. Mìlímítà 80 ló yẹ ọ̀nà ọkọ̀.

Ẹ̀yin onílé, ẹ dúró ti òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tẹ ilẹ̀.