Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bá wọ inú omi ẹ̀yìn: oògùn oníhóró àti abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti ń gbógun tì í

Bí àgbàlagbà kan ní Ìlasa-Èkìtì bá wúkọ́ fún oṣù mẹ́ta, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé òtútù ló mú un. Bí kò bá lọ, wọ́n á ní ikọ́ ife ni. Ṣùgbọ́n bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láràárọ̀, tó ń bì, tó ń rí ẹnì kan bí ẹni méjì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ọwọ́ ayé nìyẹn, ẹbí á sì máa gbé e láti ilé àdúrà kan dé òmíràn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti ràn dé inú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká.

Kì í ṣe ará oko nìkan ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń tàn jẹ. Àìsàn mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú fún Olóyè Gani Fawehinmi, gbajúmọ̀ agbẹjọ́rò ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, nílé níbí, kó tó di pé wọ́n rí i ní Lọ́ńdọ̀nù pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó jáde láyé ní September 5, 2009, lẹ́ni ọdún 71.

Tẹ́lẹ̀, bí àrùn náà bá ti dé inú omi ẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni aláìsàn tí kò gba ìtọ́jú máa ń lò kó tó kú. Ìdí ni pé ara ní oníbodè tó ń ṣọ́ ọpọlọ. Kì í jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ oògùn apa-jẹjẹrẹ, èyí táwọn èèyàn ń pè ní kẹ́mò, tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára bí omi dírípù, ẹnu bodè yìí ló ń pin sí. Jẹjẹrẹ tó ti sá wọlé á wá máa gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn dókítà ń gbà báyìí. Àkọ́kọ́ ni oògùn oníhóró kan tí wọ́n ń pè ní osimertinib, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2015. Oògùn yìí ń kọjá lọ́dọ̀ oníbodè náà. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń bá jà, àwọn tó ní àyípadà kan tó ń jẹ́ EGFR ló dójú sọ. Nítorí náà, ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò bá ní àyípadà yìí kò ní rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020, tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 41 ní ilẹ̀ Éṣíà, fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ nínú wọn fúyẹ́ nígbà tí wọ́n lo ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò.

Èkejì ni kí wọ́n gún kẹ́mò sínú omi ẹ̀yìn gan-an, láìbá oníbodè sọ̀rọ̀ rárá. Methotrexate ni wọ́n ti ń lò látijọ́. Pemetrexed ni ọ̀pọ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ní Ṣáínà, ìwádìí tó jáde ní 2021 lórí àwọn tí oògùn oníhóró kò ràn mọ́ fi hàn pé abẹ́rẹ́ pemetrexed dín ìnira ọ̀pọ̀ nínú wọn kù. Àmọ́ ó lè dín ẹ̀jẹ̀ kù lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní folic acid àti fítámì B12 pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo méjèèjì pọ̀? Abẹ́rẹ́ kì í wọnú kókó tó ti ki jinlẹ̀, kò sì lè tọ́jú èyí tó kù nínú ẹ̀dọ̀fóró àti egungun. Oògùn oníhóró ń káàkiri ara, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, jẹjẹrẹ máa ń mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ká sòótọ́, méjèèjì kì í wo àrùn náà tán. Àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó gbà á pọ̀ àti ìgbà tó yẹ. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí aláìsàn pẹ́ sí i, kó sì lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń bani lẹ́rù jù ní abúlé ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yìí. Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ti fa omi ẹ̀yìn èèyàn, ó rọ tàbí ó kú nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ìbàdí ni wọ́n ń gún un sí, níbi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí. Omi nìkan ló kù níbẹ̀ àti àwọn iṣan tó ń yẹra fún abẹ́rẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yàwòrán orí láti mọ̀ bóyá ó léwu. Omi tí wọ́n bá fà náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè kọ ìdáhùn náà pẹ̀lú.

Owó ni ìṣòro tó kù. Ní Amẹ́ríkà, osimertinib oṣù kan ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ. Láti Ìlasa, Adó-Èkìtì tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ni wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Wọ́n lè darí wọn sí UCH Ìbàdàn, tàbí ibùdó jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, Èkó, ní 2019. Ó yẹ kí ẹbí béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bóyá wọ́n lè yẹ ẹran tí wọ́n gé lára aláìsàn wò fún EGFR. Kí wọ́n sì béèrè iye ìgbà tí wọ́n máa padà wá gba abẹ́rẹ́, nítorí owó ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n máa sùn.