Ǹjẹ́ A Lè Dìbò fún Olùdíje Ìbílẹ̀ Tí Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Fọwọ́ sí Ogun?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2003, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìbò 412 sí 149 fọwọ́ sí àbá Tony Blair, olórí ìjọba láti inú ẹgbẹ́ Labour, pé kí àwọn ọmọ ogun wọn lọ jà ní Ìráàkì. Nígbà tí ìdìbò sí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ogun náà kò tíì parí. Àwọn ará wa ní Peckham àti ní àwọn àdúgbò mìíràn tí Yorùbá pọ̀ sí wà lára àwọn tó láṣẹ láti dìbò, nítorí òfin ibẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé ìlú náà lábẹ́ òfin ní ẹ̀tọ́ yìí. Bí olùdíje bá jẹ́ ènìyàn rere, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ogun tí ẹ̀rí-ọkàn wa kò gbà, kí ni kí a ṣe?

Èrò kìíní: Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé

Àwọn kan ní kí a má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn jẹ káńsẹ́lọ̀ níyà. Esekíẹ́lì orí 18 kọ́ wa pé Ọlọ́run kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ baba sí ọmọ lọ́rùn. Káńsẹ́lọ̀ kì í rán ọmọ ogun níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, kíkó ìdọ̀tí, ilé ìkàwé àti ìtọ́jú arúgbó ni tirẹ̀. Ohùn ẹgbẹ́ Labour pàápàá kò ṣọ̀kan: 139 nínú àwọn aṣòfin wọn dìbò pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti fi jagun, Robin Cook sì ti fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Èrò kejì: Ẹni tó gbé epo lájà

Àwọn mìíràn dáhùn pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn kiri fún aṣòfin nígbà ìdìbò gbogbogbòò; agbára àdúgbò ni ẹgbẹ́ fi ń dé òkè. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ Conservative náà fọwọ́ sí ogun yìí, nítorí náà ẹni tó ti ọ̀dọ̀ Labour sá lọ bá wọn kò tíì kọ ogun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Liberal Democrat ló takò ó. Bákan náà, nínú ìdìbò ìbílẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2004, ipò kẹta ni Labour wà nínú iye ìbò, ọ̀pọ̀ káńsẹ́lọ̀ wọn sì pàdánù ipò. Ṣùgbọ́n Blair tún wọlé ní 2005, ó sì wà lórí oyè títí di 2007. Ẹni tí à ń bá wí kọ́ ni pàṣán bà.

Ẹ̀kọ́ láti ààfin Áhábù

Obadáyà ni olórí ààfin Áhábù. Síbẹ̀ ó fi 100 wòlíì pamọ́ sínú ihò kúrò lọ́wọ́ Jésébẹ́lì, ó sì ń bọ́ wọn (Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 18). Ní orí 21, lẹ́tà Jésébẹ́lì dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà Jésíréẹ́lì. Aláṣẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké, wọ́n sì sọ Nábótì, aládùúgbò wọn, lókùúta pa. Ọba kan náà ni gbogbo wọn sìn.

Nítorí náà, a gbà pé orúkọ ẹgbẹ́ nìkan kò dá olùdíje lẹ́bi, kò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tó bá kan ilẹ̀kùn wa, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: kí lẹ sọ nínú ẹgbẹ́ yín nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun dé? Bí àṣẹ tó lòdì sí òdodo bá ti òkè wá sí àdúgbò yìí, kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó bá dáhùn bí Obadáyà, a lè fi ọkàn mímọ́ dìbò fún un. Ẹni tó bá ní àṣẹ ẹgbẹ́ kò ṣe é kọ̀, àgbà Jésíréẹ́lì ni. Ojú ọ̀nà tó tún ṣe kò tó láti rà á padà.

Bí ẹ̀rí-ọkàn arákùnrin tàbí arábìnrin kan kò bá jẹ́ kó lè dìbò fún ẹgbẹ́ náà rárá, kí a má ṣe dá a lẹ́jọ́ (Róòmù 14). Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ àlàáfíà ìlú tó ń gbé sílẹ̀ (Jeremáyà 29:7). Kí a sì máa rántí àwọn onígbàgbọ́ Ìráàkì nínú àdúrà, tí ọ̀pọ̀ wọn sá kúrò nílé lẹ́yìn ọdún 2003.