Kí Ẹ Tó Ra Sípíkà Mìíràn, Ẹ Kọ́kọ́ Sún Èyí Tó Wà Nílé

Ọ̀rọ̀ bass la fẹ́ sọ lónìí. Kí ló dé tí sípíkà tó dún dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù fi ń dún bí àgbá òfìfo tí ẹ bá gbé e délé? Ìdáhùn mi ò gùn: yàrá yín wà lára sípíkà náà.

Ẹ mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé l'Ékòó. Ohùn máa ń rìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bass tó bá ń gbọ̀n nígbà 47 láàárín àsìkò yẹn, ìyẹn 47 Hz, ìgbì rẹ̀ kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Ìlọ́po méjì gígùn yàrá yín gan-an nìyẹn. Tó bá kọlu ògiri, á padà wá bá èyí tó ń bọ̀, wọ́n á sì máa ti ara wọn lẹ́yìn. Ohùn kan yẹn á wá ga ju àwọn yòókù lọ, kò sì ní tètè dákẹ́. Lẹ́bàá ògiri ló ti máa ń pọ̀ jù. Láàárín yàrá, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

Èmi tí mò ń ṣe ètò yìí, inú yàrá tí mò ń sùn ni mo ti ń to ohùn pọ̀. Bí yàrá bá parọ́ fún mi pé bass ti pọ̀ jù, màá dín in kù, ohùn á wá fẹ́lẹ́ létí yín. Ẹ̀yin náà, tí bass bá bo fújì mọ́lẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Aládùúgbò ńkọ́? Gbùù nìkan ló ń gba ara ògiri dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀.

Ẹ ṣe é báyìí. Àkọ́kọ́, ẹ gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, torí ògiri méjì àti ilẹ̀ ló ń ti bass síwájú níbẹ̀. Ẹ gbé e lé nǹkan tó dúró dáadáa, kí ẹ fà á kúrò lára ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà méjì bí ààyè bá wà.

Èkejì, ẹ sún ìjókòó yín. Ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ má sì jókòó sáàárín gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ògiri ẹ̀yìn, kí ẹ máa sún díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ohùn bass á fi dọ́gba.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ṣí equalizer lórí fóònù. Ẹ pa bass boost. Ẹ fa èyí tó sún mọ́ 60 Hz wálẹ̀ ní 3 dB, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Èyí tí yàrá bá gbé mì, ẹ má fi equalizer wá a. Sípíkà á kàn máa ṣe làálàá lásán ni.

Fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Ohùn tín-ín-rín ló ń gbà, kò ran bass.

Ẹ fi owó yín sápò ná. Ó dìgbà kan ná.