Kíbọ́ọ̀dù Igba Dọ́là: Kí Ẹ Tó Sanwó, Ẹ Wo Ohun Tó Wà Lábẹ́ Bọ́tìnnì

 

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí. Ọmọ á wá bá yín ní pálọ̀, á kí yín ju bó ṣe máa ń kí yín tẹ́lẹ̀ lọ (ẹ ó ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀), á ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ra kíbọ́ọ̀dù." Ẹ̀yin á ní, "Èyí tó wà lórí tábìlì ńkọ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Á ní rárá, kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Igba dọ́là! Owó tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ nílé, kí ìyá sì gbàdúrà fúnni títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Òbí mìíràn á ní, "Gbé ọ̀rọ̀ ẹ kúrò níbí." Òmíràn, nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ, á kàn yọ káàdì. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló yára jù. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iná aláràbarà tó ń tàn lára kíbọ́ọ̀dù yẹn kọ́ ni ọjà. Ohun tí ojú kò rí, tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì, òun gan-an lẹ ń rà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

RỌ́BÀ ÀTI SÚWÍÌSÌ

Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó sábà máa ń bá kọ̀ǹpútà wá, rọ́bà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ gbogbo bọ́tìnnì, ó sì ga sókè díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bí ìdérí ìgò. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, rọ́bà á rì, á ti ike òkè kan ike ìsàlẹ̀, iná á sì kọjá. Kò burú fún lẹ́tà kíkọ. Àmọ́ ó ní àléébù méjì. Ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó gbọ́. Èkejì, tí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ọ̀kan nínú wọn lè má wọlé. Ẹni tó ń sá, tó ń fò, tó tún ń pààrọ̀ ìbọn nínú géèmù, ìka mẹ́rin ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ọmọ yẹn kò purọ́ pátápátá.

Èyí tí wọ́n ń pè ní mechanical yàtọ̀. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní súwíìsì tirẹ̀, bí súwíìsì iná ara ògiri ṣe dá wà. Sípíríngì wà nínú rẹ̀, irin tín-ín-rín méjì sì wà níbẹ̀ tó ń fara kan ara wọn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Súwíìsì tó lókìkí jù lọ ni Cherry MX. Mìlímítà 4 péré ni bọ́tìnnì rẹ̀ ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Red sì ti ń gbọ́ ní mìlímítà 2, ìyẹn ìdajì ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ náà ní ó lè gba ìtẹ̀ mílíọ̀nù 100 kó tó kú.

Ibi tí Cherry ti wá ló yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe Japan, kì í ṣe China. Nítòsí wa níbí ni! Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Cherry ló dá a sílẹ̀ ní 1953, nínú yàrá abẹ́ ilé oúnjẹ kan ní Highland Park, Illinois. Ẹni tó bá gba Sheridan Road láti Rogers Park lọ sí Waukegan, á kọjá ní Highland Park yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Jámánì, ẹ̀ka náà sì dàgbà ju ìyá rẹ̀ lọ. Súwíìsì MX jáde láàárín àwọn ọdún 1980. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ ZF ti Jámánì ra Cherry. Nígbà tí ẹ̀tọ́ tí Cherry ní lórí MX parí ní nǹkan bí 2014, àwọn ilé-iṣẹ́ China bí i Kailh àti Gateron bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní fàlàlà, owó ọjà sì wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí mechanical tó dára lónìí tí owó rẹ̀ kò tó 100 dọ́là.

ÀWỌ̀ MẸ́TA

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá súwíìsì mọ̀. Ẹ fi mẹ́ta sọ́kàn.

Red máa ń rọra lọ tààrà, kò ní ìdènà, kì í sì í pariwo púpọ̀. Àwọn tó ń gbá géèmù fẹ́ràn rẹ̀.

Brown ní kókó kékeré kan láàárín ọ̀nà tí ìka máa ń gbọ́ lára, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá lórí gegele. Ó dára fún ẹni tó ń kọ iṣẹ́ ilé-ìwé tó tún ń gbá géèmù.

Blue ní tirẹ̀ ní kókó, ó sì tún máa ń dún, "kẹ́, kẹ́, kẹ́", bí tàípúráítà ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbàdàn láyé ọjọ́sí. Ó dùn mọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni mìíràn nínú ilé.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá wa nílùú yìí ló jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí wọ́n sì ń sùn lọ́sàn-án. Àpátímẹ́ǹtì wa, ògiri fẹ́lẹ́ ló pààlà yàrá sí yàrá. Tí ọmọ bá ra Blue, oorun ìyá ti tán nìyẹn. Ẹni tí kò sùn dáadáa ló tún máa wa mọ́tò lọ sí ibi iṣẹ́ lálẹ́, tó máa fún aláìsàn lóògùn. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ nìyẹn mọ́. Àwọn súwíìsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Silent, tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ sínú wọn láti pa ariwo. Ẹ béèrè fún un.

Tí ẹ bá sì ti ra aláriwo, ẹ wò ó bóyá ó jẹ́ hot-swap. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn lè fi irin kékeré fa súwíìsì jáde, kó ki òmíràn bọ ibẹ̀, láìjó irin, láìpe oníṣẹ́ iná. Àpò súwíìsì tuntun kò tó owó kíbọ́ọ̀dù tuntun rárá.

ÈYÍ TÓ Ń LO ÒÒFÀ

Èyí tí àwọn ọmọ ń sọ nísinsìnyí, tó ń mú owó dé igba dọ́là, òòfà ló ń lò. Òòfà kékeré wà nínú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí bọ́tìnnì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òòfà ń sún mọ́ ohun kan nísàlẹ̀ tó máa ń mọ agbára òòfà, kọ̀ǹpútà á sì mọ ibi tí bọ́tìnnì dé gan-an. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ọgbọ́n yìí ní 1879. Ta ló kọ́kọ́ gbé e wọ inú kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́jà? Ẹ̀ka Micro Switch ti ilé-iṣẹ́ Honeywell ni, ní ìparí àwọn ọdún 1960, ní Freeport, Illinois! Mọ́tò á gbé yín débẹ̀ láti Chicago ní nǹkan bí wákàtí méjì. Ohun tí wọ́n ń pè ní tuntun yìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Kí ló wá wúlò fún? Súwíìsì onírin ní ojú kan pàtó tó ti ń gbọ́, bọ́tìnnì sì gbọ́dọ̀ gòkè kọjá ibẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹ ti fi sílẹ̀. Ti òòfà, ẹ lè yan ojú yẹn fúnra yín, bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 0.1 lórí àwọn kan. Bí ìka bá sì ti gbéra díẹ̀ báyìí, ó ti mọ̀ pé ẹ ti fi sílẹ̀. Rapid trigger lorúkọ ẹ̀. Nínú Counter-Strike àti Valorant, ẹni tó ń sáré kì í lè yìnbọn bá nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ dúró ná. Ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá tètè mọ̀ pé ó dúró, òun ló máa kọ́kọ́ yìn.

Nínú League of Legends ńkọ́? Máósì ni wọ́n sábà máa ń fi rìn níbẹ̀, nítorí náà èrè òòfà kéré. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù orí PlayStation ni ọmọ yín ń gbá, páàdì ló ń lò. Kíbọ́ọ̀dù kò kàn án rárá.

MẸ́RIN TÍ MO FI WÉ ARA WỌN

Keychron V1: Onírin ni, ó jẹ́ hot-swap, ó ń bá Windows àti Mac ṣiṣẹ́. Kò tó 100 dọ́là nígbà tó jáde ní 2022. Fún ọmọ tó ń kọ iṣẹ́ ilé-ìwé tó sì ń gbá géèmù lópin ọ̀sẹ̀, èyí ti tó.

SteelSeries Apex Pro: Ilé-iṣẹ́ Denmark ló ṣe é, ó jáde ní 2019 ní 200 dọ́là. Òun wà lára àwọn tó dá òòfà padà sójú ọjà géèmù. Ti àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe gbogbo bọ́tìnnì ló ní òòfà. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ béèrè ọdún tó jáde.

Wooting 60HE: Ti Holland ni, ó jáde ní 2022 ní nǹkan bí 175 dọ́là. Òun ló sọ rapid trigger di ohun tí gbogbo àwọn tó ń gbá Counter-Strike ń wá. Ó kéré o: kò ní bọ́tìnnì ọfà, kò ní ìlà nọ́ńbà ọ̀tún. Ọmọ tó ń ṣe ìṣirò àkáǹtì á kérora.

Razer Huntsman V3 Pro: Ìmọ́lẹ̀ lòun ń lò dípò òòfà, àmọ́ ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Èyí tó tóbi jẹ́ 250 dọ́là nígbà tó jáde ní 2023.

Wọ́n tún máa sọ fún yín pé kíbọ́ọ̀dù kan ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nígbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 1,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú àti ọwọ́ ọmọ èèyàn ń gba nǹkan bí igba nínú ẹgbẹ̀rún yẹn kó tó dáhùn. Ẹ má tìtorí nọ́ńbà yẹn fi owó kún owó.

ṢÉ ÓUNJẸ WÀ NÍBẸ̀?

Òbí á béèrè pé, "Géèmù yìí, ṣé ó lè sanwó ilé-ìwé?" Ìdáhùn rẹ̀ tún wà nílùú wa. Ní 2014, Robert Morris University Illinois, ní àárín ìlú Chicago, di ilé-ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fún àwọn ọmọ ní sìkọ́láṣíìpù nítorí League of Legends. Ó tó ìdajì owó ẹ̀kọ́ àti ìdajì owó ilé gbígbé àti oúnjẹ. Ní 2020, ilé-ẹ̀kọ́ náà di ara Roosevelt University. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti tẹ̀ lé e. Ẹ má gbàgbé ohun tí mo sọ lókè o: League of Legends, máósì ni. Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù ló gba sìkọ́láṣíìpù yẹn fún wọn, ọpọlọ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni.

Ìkìlọ̀ kan wà pẹ̀lú. Ní August 2024, Valve, tó ni Counter-Strike 2, fòfin de ọgbọ́n kan tí Razer ń pè ní Snap Tap, tó ń bá ọmọ yan èyí tó kẹ́yìn nínú bọ́tìnnì méjì tó tẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá tan án sílẹ̀, wọ́n lè lé e jáde láàárín eré. Kí ọmọ yín pa á kó tó wọ Counter-Strike.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: géèmù wo ni? Ta ló ń sùn nítòsí yàrá yẹn? Ṣé súwíìsì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀? Lẹ́yìn náà kí ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìtajà bí i Micro Center ní Elston Avenue, kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ tún fi àdéhùn kan sí i. Kíbọ́ọ̀dù kò mọ lẹ́tà kankan, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ọ́ di lẹ́tà. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù géèmù yòówù lè kọ Yorùbá. Windows ní ètò Yorùbá nínú ibi tí wọ́n ti ń yan èdè, Mac ní èyí tó ń jẹ́ ABC Extended. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó fẹ́ igba dọ́là fi kíbọ́ọ̀dù náà kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà nílé, pẹ̀lú àmì ohùn pé pérépéré, kí ọkọ má di ọkọ́, kí ọkọ́ má di ọkọ̀. Tó bá kọ ọ́ tán tí kò ṣì í, á jẹ́ pé owó yín kò ṣòfò.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.