Ìdílé tó Gbé Bagdad Lọ sí Bombay

Ẹ sún mọ́ iná dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ tó jókòó sẹ́yìn yẹn, wá síwájú, èéfín kò ní dà ọ́ láàmú níbí. Ìtàn ìjàpá kọ́ ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, ó ní ọdún, ó ní ìlú, àwọn ilé tí àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn kọ́ sì wà lórí ìdúró títí di òní. Síbẹ̀, ìyanu inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àlọ́ lọ.

Gbogbo yín mọ Bábílónì nínú Bíbélì, níbi tí Ọba Nebukadinésárì kó àwọn Júù ní ìgbèkùn lọ láti Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí ọ̀nà ilé ṣí, àwọn kan padà, ọ̀pọ̀ kò padà. Wọ́n jókòó sí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Tígírísì àti odò Yúfírétì, wọ́n bímọ, ọmọ wọn bímọ, ó sì lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Ilẹ̀ yẹn là ń pè ní Ìráàkì lónìí, Bagdad sì ni olú ìlú rẹ̀. Lárúbáwá di èdè ẹnu wọn nínú ilé àti lọ́jà, ṣùgbọ́n Hébérù ni wọ́n ń fi gbàdúrà.

Nínú àwọn Júù Bagdad ni ìdílé Sassoon ti jáde wá. Bàbá ilé náà ni akápò fún àwọn gómìnà tí ń ṣàkóso ìlú lábẹ́ ọba àwọn Tọ́kì, òun kan náà sì ni olórí gbogbo Júù ìlú. Ọdún 1792 ló bí David, ọmọ tí ìtàn yìí dá lé lórí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ́ owó ọba, bí owó bá wọ́n, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ gbá mú. Nígbà tí Dawud Pasha di gómìnà ní 1816, ó bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn Júù ọlọ́rọ̀ lọ́rùn kí ó lè rí owó gbà. Ó ju àwọn kan sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì mú David náà. Bàbá arúgbó san owó gọbọi kí wọ́n tó tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ bá ọmọ náà ní Bagdad, gómìnà lè tún yí ọkàn padà.

Ìtàn tí ìdílé náà ń sọ fún àwọn ọmọ wọn láti ìran dé ìran ni pé òru ni David wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń ba odò lọ sí Basra. Wọ́n ní ó fi aṣọ bojú, ó di owó mọ́ ìbàdí, àwọn péálì sì wà tí wọ́n rán mọ́ inú ìtẹ́ aṣọ ìlékè rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀, tí ẹni tó bá gbá a mọ́ra kò fi ní mọ̀. Láti Basra ó sọdá sí Bushehr ní ilẹ̀ Páṣíà, èyí tí à ń pè ní Ìráàn. Wọ́n ní inú ilé ìkẹ́rù létí òkun ló sùn lóru àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ nítorí àwọn eku tó kún ibẹ̀. Ọmọ akápò gómìnà, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní fún láti kékeré! Bàbá rẹ̀ wá bá a níbẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì kú sí Bushehr ní 1830. Kò fojú kan Bagdad mọ́.

Nígbà tó di 1832, David kó aya àtọmọ, ó gúnlẹ̀ sí Bombay ní Íńdíà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, ìlú èbúté ni, òwú sì ń wọ̀ ọ́ láti ìgbèríko. David tó ogójì ọdún. Ẹlòmíràn ì bá ní ayé òun ti bàjẹ́. Ó rọra ń ra aṣọ ní Bombay, ó ń fi ránṣẹ́ sí Basra àti Bushehr, níbi tí wọ́n ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ń gba ẹrù ibẹ̀ padà wá tà. Kò yí ìmúra rẹ̀ padà rárá: agbádá gígùn àwọn ará Bagdad àti láwàní ló wọ̀ títí ó fi kú. Nígbà tó gbàwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1853, lẹ́tà Hébérù ló fi fọwọ́ sí i, nítorí kò kọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ó bí ọmọkùnrin 8, bí wọ́n sì ti ń gbọ́njú ló ń rán wọn lọ sí ìlú òkèèrè, ìkan síbí, ìkan sọ́hùn-ún, títí dé Shanghai àti London. Báwo ni bàbá tó wà ní Bombay yóò ṣe mọ ohun tí ọmọ tó wà ní Ṣáínà ń ṣe? Lẹ́tà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà náà ṣe rí fún yín, nítorí ní tèmi, ó yà mí lẹ́nu ju péálì lọ. Àmì lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ń ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì, ṣùgbọ́n èdè inú rẹ̀ kì í ṣe Hébérù. Lárúbáwá ni, Lárúbáwá bí àwọn Júù Bagdad ṣe ń sọ ọ́ nínú yàrá ìdáná ìyá wọn. Bí Lárúbáwá bá rí i, kò lè kà á, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá kà á sí i létí, ó máa gbọ́ ọ. Bí Júù láti Pólàǹdì bá rí i, ó lè ka àmì rẹ̀ geerege, kò sì ní mọ ohun tó ń sọ. Òyìnbó oníṣòwò tó bá jí i, ìwé tí kò wúlò ló jí. Iye tí òwú ń lọ, orúkọ ọkọ̀ òkun tó pẹ́, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó bímọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kan náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Íńdíà, tí wọn ò rí Tígírísì rí, ń fi ohùn Bagdad bá ara wọn wí láti èbúté dé èbúté.

David tún ń ránṣẹ́ sí Bagdad pé kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ Júù tí kò ní olùrànlọ́wọ́ wá. Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn, wọ́n kọ́ ìṣirò, wọ́n kọ́ èdè, wọ́n kọ́ Tórà, ó sì gbà wọ́n síṣẹ́. Ibi tí akọ̀wé Sassoon bá dé, àdúrà ń bá a débẹ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín ayọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ, mi ò sì ní fi í pamọ́ fún yín.

Ní 1842, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ṣáínà, wọ́n fi tipá ṣí èbúté ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún oníṣòwò òkèèrè. Ní 1844, David rán Elias, ọmọkùnrin rẹ̀ kejì, lọ síbẹ̀. Òwú àti aṣọ wà nínú ẹrù wọn, ṣùgbọ́n ọpíọ̀mù wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Oje tí wọ́n ń gbà lára èso òdòdó kan ni, Íńdíà ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ẹni bá ń fa èéfín rẹ̀, ara á kọ́kọ́ tù ú, bó bá yá, kò ní lè lo ọjọ́ kan láìsí i. Olóko ń ta oko lórí rẹ̀, bàbá ń gbàgbé ọmọ. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè, ọ̀pọ̀ oníṣòwò òyìnbó àti ti Íńdíà ló sì wà nídìí rẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun rere. Àwọn tí gómìnà kan lé kúrò ní ìlú wọn nítorí owó, àwọn náà wá ń kó owó jọ lórí ìparun ọmọ ẹlòmíràn. Owó yẹn wà lára òkúta àwọn ilé tí mo fẹ́ dárúkọ yìí. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn Sassoon tí ó fò ó, ó ti purọ́.

Wọ́n kọ́ sínágọ́gù ní Byculla, ní Bombay. Wọ́n kọ́ òmíràn ní ìlú Pune, bíríkì pupa látòkè délẹ̀, tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 90; àwọn ará ìlú ń pè é ní ilé ìsìn pupa. David kú ní Pune ní oṣù kọkànlá ọdún 1864 kí wọ́n tó parí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà. Ilé ìwòsàn Sassoon wà ní Pune kan náà, ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ilé ìkàwé wà ní Bombay. Àkọ́bí rẹ̀, Abdullah, tó wá di Albert nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá, ṣe èbúté kan sí Bombay ní 1875. Bí ẹ bá débẹ̀ ní ìdájí lónìí, ẹja ni ẹ ó bá tí wọ́n ń já kúrò nínú ọkọ̀, àwọn obìnrin á máa pariwo iye, yìnyín á máa yọ́ sílẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀. Èbúté Sassoon ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ìwọ ọmọbìnrin tí ò ń bi mí léèrè bóyá ọkùnrin nìkan ló wà nínú ìtàn yìí, ó ti kàn ọ́ báyìí.

Wọ́n bí Farha ní Bombay ní 1859. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Flora. Ọmọ-ọmọ Abdullah ni, Solomon, ọmọ David, ló sì fẹ́ ẹ. Obìnrin yìí gbọ́ Hébérù, ó gbọ́ Lárúbáwá, ó gbọ́ èdè àwọn ará Íńdíà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì. Ó mọ Tórà débi pé àwọn rábì ń bá a jíròrò. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1894, ó wọ ilé iṣẹ́ Bombay, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó sì ń darí òwò, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ obìnrin ilé ọlọ́rọ̀ kì í jáde síta. Lásìkò yẹn ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Bombay, ní 1896. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà, Júù láti Odessa, Waldemar Haffkine lorúkọ rẹ̀; òun ló ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára onígbáméjì, òun náà ló wá ṣe ti àrùn eku. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gún un sí. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará ìlú. Flora na apá rẹ̀, ó gba abẹ́rẹ́ náà kí gbogbo ayé lè rí i pé kò pa á. Nínú gbogbo ìdílé yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ó kó lọ sí London ní 1901. Àmọ́ àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ní 1910, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, David, àti Mozelle ọmọ rẹ̀ obìnrin rìnrìn àjò lọ sí Bagdad. Nǹkan bí 80 ọdún ti kọjá lẹ́yìn tí bàbá ọkọ rẹ̀ bá òru lọ. Ẹ rò ó wò: obìnrin tí wọ́n bí sí Íńdíà, tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wọ Bagdad, tó sì ń bá wọn sọ èdè wọn.

David ọmọ Flora yìí kò bìkítà fún òwò. Ìwé àtijọ́ ni tirẹ̀. Ó kó ìwé Hébérù àfọwọ́kọ tó lé ní 1,000 jọ. Ní 1929 ó ra ọ̀kan ní 350 pọ́n-ùn, Bíbélì Hébérù tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sórí awọ ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, tó wúwo tó kílò 12. Ẹni kan kọ̀wé sínú rẹ̀ láyé àtijọ́ pé sínágọ́gù kan ní Makisin, ní ilẹ̀ Síríà, ló ni ín. Nígbà tí wọ́n pa sínágọ́gù náà run, wọ́n fi ìwé náà sọ́wọ́ ọkùnrin kan pé kí ó tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi tún ilé àdúrà kọ́. Wọn ò tún un kọ́ mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n lu ìwé náà ní gbàǹjo ní New York, dọ́là mílíọ̀nù 38 ni wọ́n rà á, ó sì lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Tel Aviv. Orúkọ Sassoon ni gbogbo ayé fi ń pè é.

David kan náà kọ ìtàn àwọn Júù Bagdad sínú ìwé. Ó kú ní 1942, ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1949. Ìwé náà kò tíì gbó lọ́wọ́ àwọn tó rà á nígbà tí Bagdad tú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1941 ni àwọn jàǹdùkú ti kọ lu àwọn Júù ìlú náà, wọ́n pa èyí tó lé ní 100 láàárín ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì dìde ní 1948, ìnira wọn tún le sí i. Ní 1950 sí 1951, ọkọ̀ òfuurufú kó nǹkan bí 120,000 nínú wọn lọ sí Ísírẹ́lì, wọ́n fi ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ibojì àwọn bàbá wọn sílẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan.

Nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí, Joseph Sassoon, láti inú ìran akápò ọjọ́ kìíní. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí òun náà sá kúrò ní Bagdad. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fẹ́ kọ ìtàn ìdílé náà, ó lọ sí ilé ìkàwé ìjọba ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí àwọn lẹ́tà àtijọ́ wọ̀nyẹn wà ní òkìtì-òkìtì. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń kà wọ́n: iye òwú, orúkọ ọkọ̀, gbèsè, ọmọ tuntun. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2022, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì nínú yín wá a kà.