Bí Èédú Wíwà Ṣe Ń Ba Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Jẹ́

Odò Jukskei, tí ó la Alexandra kọjá ní Johannesburg, ń bá odò Crocodile lọ sí Limpopo. Odò Olifants, tí ó gba àgbègbè èédú eMalahleni kọjá, náà ń wọ Limpopo ní Mòsáńbíìkì.

Bí a bá ń wa èédú, a ní láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ jáde; kànga ìtòsí sì lè gbẹ. Bí a bá pa ihò náà tì, omi a tún kún un. Omi àti afẹ́fẹ́ a jọ jẹ òkúta tí ó ní irin àti imí-ọjọ́ nínú. Omi náà a wá kan, a sì ṣàn wọ odò.

Ní 2007, a ṣí ilé-iṣẹ́ kan ní eMalahleni láti sọ irú omi bẹ́ẹ̀ di mímu. Ó yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ihò àtijọ́ kò ní olóhun mọ́, ọrùn ìjọba ni ẹrù wọn wà.