Kẹ́ ẹ tó bá màmá yín wọ ọkọ̀ kúrúùsì

Láti Ìwó, ọmọ Odídẹrẹ́, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Kúrúùsì la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe kúrúùsì tẹ́ ẹ fi ń pa ara yín lẹ́rìn-ín lórí X o. Ọkọ̀ ojú omi gidi ni.

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ wa ló fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní London ti sanwó fún òun àti màmá wọn. Southampton ni wọ́n ti máa wọkọ̀, wọ́n á dé Spain, wọ́n á sì padà. Kí ni káwọn múra sílẹ̀?

Southampton yẹn ò ṣàjèjì sáwọn bàbá wa. Ọkọ̀ Aureol ti Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Liverpool ní 1951, Southampton ló ń gúnlẹ̀ sí láti 1972 títí wọ́n fi dá a dúró ní 1974. Ti kúrúùsì, ìlú bíi mélòó kan lẹ máa yà sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ físà ti ń le. Físà UK nìkan ò tó, ẹ máa nílò Schengen. Tí ọkọ̀ bá kúrò ní Spain, tó ya Morocco, tó tún padà sí Spain, ìwọlé kejì nìyẹn, físà ẹlẹ́ẹ̀kan ò ní gbé e. Morocco náà sì ní físà tiẹ̀. Tí ìwé ò bá pé, èbúté ni wọ́n ti máa dá yín padà, owó sì lè wọmi.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹni tó fẹ́ lò ju oṣù mẹ́fà lọ ní UK ni wọ́n ń béèrè àyẹ̀wò ikọ́ ife lọ́wọ́ ẹ̀. Àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́. Ajẹ́ǹtì tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Káàdì yẹ́lò ńkọ́? Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, àmọ́ títí ayé ni. Tí màmá bá ti lọ Mẹ́kà rí, ẹ tú àpótí wọn wò, ó lè ṣì wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá gbà á rí, tí wọ́n sì ti pé ọgọ́ta ọdún, ẹ má kàn wọ́ wọn lọ gbabẹ́rẹ́. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná, torí ewu abẹ́rẹ́ yẹn máa ń pọ̀ sí i fún àgbàlagbà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, inú báàgì ọwọ́ ni o! Wọ́n máa gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín ní èbúté, ó sì lè pẹ́ kó tó dé yàrá. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nílé, wọ́n á gbà á, torí iná.

Àìsàn tètè ń ràn nínú ọkọ̀. Ní 2020, èèyàn tó lé ní 700 ló kó Kòrónà nínú Diamond Princess. Norovirus náà wọ́pọ̀, èébì pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru. Sanitáísà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, ọṣẹ àti omi ni.

Ẹnì kan á máa tún yàrá yín ṣe. Ẹ wò ó bóyá owó ẹ̀bùn wọn ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń kọ ọ́ mọ́ gbèsè yín lójoojúmọ́. Ohun mímu inú fíríìjì náà kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Fóònù yín sì rèé. Kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ tan airplane mode, kẹ́ ẹ lo Wi-Fi ọkọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì agbedeméjì òkun, sátẹ́láìtì ni, ó wọ́n ju roaming tẹ́ ẹ mọ̀ lọ. Ẹ ṣe ti màmá náà, torí WhatsApp àwọn ẹgbẹ́ Àlhájà kì í sinmi.